Bíbíldì Telegram Desktop láti kóòdù fúnra ẹni: Linux, Windows, Mac, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

TúndéKóòdù kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìrànlọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe irú nǹkan yìí rí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ń ṣe projẹ́ẹ̀tì àṣekágbá, a mú Telegram Desktop (áàpù Telegram ti kọ̀ǹpútà) torí pé gbogbo kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub. Ohun tá a fẹ́ ṣe ni pé ká fi ìlà bọ́tìnì kéékèèké kan sókè ibi tí èèyàn ti ń tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì, bọ́tìnì ẹ, ọ, ṣ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹni tí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ò ní àmì lè kọ Yorùbá tó pé. Sùpáfáísọ̀ wa ti fọwọ́ sí i, àmọ́ ó ní òun ò fẹ́ wo fọ́tò o, òun fẹ́ rí i kó máa ṣiṣẹ́ lójú òun lórí Linux, lórí Windows àti lórí Mac.

Láptọ́ọ̀pù tèmi, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀, RAM 8GB. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lo Windows 11, tiẹ̀ ní 16GB. Ẹnì kẹta wa ní MacBook Air M1. Mo tẹ Download ZIP lójú ewé GitHub, mo tú u, mo ní kí n run configure, ló bá ní òun ò rí run_cmake, mo wo fódà cmake, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, mo wo lib_ui, ìyẹn náà ṣófo. Ṣé mo tún ní láti dáùnlóòdù nǹkan mìíràn ni? Kẹ́ ẹ sì máa rántí pé dátà ò pọ̀ lọ́wọ́, iná náà ń lọ ń bọ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?


Ẹ̀gbọ́n_Terminal kọ:

Àbúrò, ZIP yẹn ni gbogbo wàhálà ẹ, pa á rẹ́. Telegram Desktop kì í ṣe repo (àpótí kóòdù) kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú kóòdù ẹ̀ ló wà ní repo mìíràn tí wọ́n kàn tọ́ka sí láti inú èyí, òun ni git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, ń pè ní submodule. lib_ui wà níbi tiẹ̀, lib_base wà níbi tiẹ̀, cmake pàápàá dá dúró. Tó o bá tẹ Download ZIP, GitHub ò ní kó àwọn yẹn mọ́ ọn, wàá rí orúkọ fódà wọn ṣùgbọ́n òfìfo ni. Má sì sọ pé o fẹ́ lọ ṣe git submodule update nínú ẹ̀, kò sí .git nínú ZIP, git á ní ibi tó o wà kì í ṣe repository rárá. Bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyí:

git clone --recursive https://github.com/telegramdesktop/tdesktop.git

Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó o sọ nípa dátà àti iná, mi ò ní kó o lo ìyẹn. Git clone kì í dúró de ẹnikẹ́ni, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, èyí tó ń gbà lọ́wọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè ni, dátà tó ti jẹ ti lọ nìyẹn. Lọ sí ojú ewé Releases, wá fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí -full.tar.gz, inú ìyẹn ni wọ́n ti kó gbogbo submodule sí, àwọn tó ń ṣe package fún distro (ẹ̀yà Linux bíi Ubuntu) ló sábà máa ń lò ó. Fi wget -c gbà á. Tí iná bá lọ tó tún dé, àṣẹ kan náà ni wàá tẹ̀, á máa bá a lọ láti ibi tó dúró. Kò ní ìtàn git nínú, nítorí náà kí ẹ ṣe git init tiyín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ yí padà.

Ó yá, Linux. Docker, tó ń kó distro kan àti irinṣẹ́ ẹ̀ sínú àpótí kan lórí kọ̀ǹpútà ẹ, ni àwọn tó ni iṣẹ́ fi ń ṣe é, tẹ̀ lé wọn. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kó kàn fi apt kó láíbúrárì jọ kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ńpáìlì (sọ kóòdù di áàpù), àmọ́ Qt tí wọ́n ń lò yẹn, láíbúrárì tí wọ́n fi ṣe ojú áàpù, ní àtúnṣe tiwọn nínú, ti ìpè fóònù náà, tg_owt, WebRTC ti Google ni wọ́n mú tí wọ́n tún un ṣe, tó o bá ní kó o máa fi ti Ubuntu dípò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ àti version lẹ máa jọ máa lé ara yín kiri. Glibc, láíbúrárì C tí áàpù Linux dúró lé, náà tún wà ńbẹ̀. Ohun tó o bá kọ́ńpáìlì lórí Ubuntu tuntun, glibc tuntun ló máa béèrè, tó o bá gbé e dé orí kọ̀ǹpútà sùpáfáísọ̀ yín tó jẹ́ ti àtijọ́, á ní òun ò rí GLIBC kan báyìí, ó parí. Nínú Docker tiwọn, distro tó ti pẹ́ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lò, kí ohun tó bá jáde lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ àti tuntun.

Láti ibi tí fódà tdesktop wà:

./tdesktop/Telegram/build/prepare/linux.sh

Èyí ló máa kọ́ image tí wọ́n ń pè ní tdesktop:centos_env, òun ló pẹ́ jù, òun ló sì ń jẹ dátà jù. Tí iná bá lọ nígbà tó ń ṣe é, má kọminú, Docker máa ń tọ́jú gbogbo ìpele tó bá ti parí, èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ nìkan ló máa tún ṣe. Tó bá ti parí, wọ inú fódà tdesktop:

docker run --rm -it -u $(id -u) -v "$PWD:/usr/src/tdesktop" -e CMAKE_BUILD_PARALLEL_LEVEL=2 tdesktop:centos_env /usr/src/tdesktop/Telegram/build/docker/centos_env/build.sh -D TDESKTOP_API_ID=tìẹ -D TDESKTOP_API_HASH=tìẹ

Èyí tó ní PARALLEL_LEVEL=2 yẹn, èmi ni mo fi sí i, torí RAM 8GB ẹ ni. Tó o bá fi í sílẹ̀, ninja á wo iye core tí kọ̀ǹpútà ẹ ní, á sì fún core kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kan, kóòdù yìí C++20 tó kún fún template ni, fáìlì kan ṣoṣo lè jẹ RAM tó ju gígábáìtì kan lọ, kó o tó mọ̀ wàá rí

c++: fatal error: Killed signal terminated program cc1plus

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí ìyẹn á rò pé kóòdù ló bàjẹ́, wọ́n á lọ máa yí fáìlì kiri. Kóòdù ò ṣe nǹkan kan, RAM ló tán, kernel wá pa kọ́ńpáílà. Fi swap (àyè lórí dísíìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) kún un kó o tó bẹ̀rẹ̀:

sudo fallocate -l 8G /swapfile
sudo chmod 600 /swapfile
sudo mkswap /swapfile
sudo swapon /swapfile

Pa Chrome. Mo tún un sọ, pa Chrome. Ohun tó bá jáde, out/Release ni wàá ti bá a.


Ọmọ_Àgbò kọ:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣé kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù ni ẹ nílò báyìí? Linux ní layout Yorùbá lábẹ́ Nigeria, ó ti wà ńbẹ̀ tipẹ́. Windows náà ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú Settings. Ẹ fẹ́ lọ kọ́ńpáìlì Qt odindi torí ẹ àti ọ 😂


TúndéKóòdù kọ:

@Ọmọ_Àgbò hahaha, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ti kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwa ńkọ́? Àwọn tó wà ní káfẹ́ tàbí ní ọ́fíìsì, wọn ò ní jẹ́ kó o fi kíbọ́ọ̀dù kún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ti fọwọ́ sí tọ́píìkì wa, kò sẹ́ni tó máa pa á dà mọ́ báyìí.

@Ẹ̀gbọ́n_Terminal ẹ ṣé gan-an ni sà. -full.tar.gz yẹn mi ò mọ̀ pé ó wà rárá. Mo ti ń gbà á lọ́wọ́ báyìí. Kí wá ni API_ID àti API_HASH yẹn, níbo la ti ń rí i?


Agbẹjọ́rò_Kóòdù kọ:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti API yẹn torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Lọ sí my.telegram.org, fi nọ́ńbà fóònù rẹ wọlé. Kóòdù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ kì í bá SMS wá o, inú Telegram tó wà lórí fóònù rẹ ló máa já sí, má jókòó ti SMS. Tó o bá ti wọlé, tẹ API development tools, kọ orúkọ áàpù yín, wọ́n á fún yín ní api_id tó jẹ́ nọ́ńbà àti api_hash tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn. Nọ́ńbà fóònù kan, api_id kan ni, nítorí náà kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà á, kẹ́ ẹ jọ máa lo ẹyọ kan náà lórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣe tán áàpù kan náà ni.

Ẹ máa rí èyí tí wọ́n fi sínú docs (fódà ìtọ́ni tó wà nínú kóòdù) pé kí èèyàn fi dán nǹkan wò, TDESKTOP_API_TEST. Ìyẹn dára láti mọ̀ bóyá kóòdù yín kọ́ńpáìlì, ṣùgbọ́n wọ́n dín agbára ẹ̀ kù láti orí server, tẹ́ ẹ bá fi ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ pín fún àwọn èèyàn, wọ́n á máa rí error nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé. Fojú inú wò ó kó jẹ́ iwájú àwọn olùdánwò nìyẹn ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin náà, kó má lọ di ọ̀rọ̀ tó máa gba máàkì lọ́wọ́ yín. Kóòdù yẹn wà lábẹ́ GPLv3, ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, pẹ̀lú àfikún kékeré kan nítorí OpenSSL. Ẹ lè yí i padà bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fún ẹlòmíràn ní áàpù tẹ́ ẹ ti yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní kóòdù tiyín náà lábẹ́ òfin kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, Telegram fúnra wọn ní kẹ́ni tó bá ṣe áàpù tiẹ̀ má lo àmì wọn, bébà tí wọ́n ká bí ọkọ̀ òfúrufú funfun nínú róbótó búlúù yẹn, kó sì jẹ́ kó yé àwọn tó máa lò ó pé kì í ṣe ti Telegram gangan. Ẹ fún un ní orúkọ tiyín, ẹ ya àmì tiyín. Sùpáfáísọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á béèrè.


ÌyáÒyín_Dev kọ:

Túndé, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa sọ ti Windows torí òun ni mo ń lò níbi iṣẹ́.

Kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́kọ́ wo àyè tó kù lórí SSD ẹ̀. Ohun tí Windows máa ń gbà nínú iṣẹ́ yìí pọ̀ gan-an, torí ó ń kọ́ gbogbo láíbúrárì ní ẹ̀dà méjì, ti Debug àti ti Release. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láìní 50GB tó ṣófo, Visual Studio fúnra ẹ̀ tún wà níbẹ̀. Tó bá ń fi Visual Studio sí i, kó mú Desktop development with C++, kò nílò gbogbo ìyókù tí wọ́n tò síbẹ̀, dátà ni yóò kàn jẹ. Lẹ́yìn náà Git àti Python.

Fódà tó máa lò, kó fi í sí ẹ̀yìn D: gẹ́lẹ́, kó sì jẹ́ orúkọ kúkurú bíi D:\TBuild. Mi ò ṣeré o. Kó má gbé e sínú Documents, kó má gbé e sórí Desktop, kó má sì fi àlàfo tàbí àmì ohùn sínú orúkọ fódà. Windows ní gbèdéke lẹ́tà 260 fún ọ̀nà fáìlì, àwọn láíbúrárì yẹn sì ní fódà nínú fódà nínú fódà, tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti gùn tẹ́lẹ̀, ààrin ọ̀nà ni yóò ti máa sọ pé òun ò rí fáìlì tó wà lójú ẹ̀ kedere. Tí OneDrive bá tún wá ń gbìyànjú láti gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń kọ́ńpáìlì lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí dátà yín.

Cmd lásán ò ní ṣiṣẹ́, PowerShell náà kọ́. Nínú Start, kó wá x64 Native Tools Command Prompt tó bá Visual Studio ẹ̀ wá, inú ìyẹn ni kọ́ńpáílà ti máa ń wà ní sẹpẹ́. Ibẹ̀ ni yóò ti run tdesktop\Telegram\build\prepare\win.bat. Tó bá ti parí, kó wọ tdesktop\Telegram, kó run configure.bat pẹ̀lú API_ID àti API_HASH, yóò bá solution nínú fódà out, kó fi Visual Studio ṣí i, kó fi Telegram ṣe startup project, kó wá yan Release.

Ọ̀rọ̀ iná: win.bat àti mac.sh, ìpele ìpele ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá ti parí wọn á sàmì sí i, tẹ́ ẹ bá tún un run wọn á fo ìyẹn kọjá. Àmọ́ Qt jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, òun ló sì gùn jù, nítorí náà kó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá dájú tàbí tí jẹnẹrétọ̀ wà ni kẹ́ ẹ gbé ìyẹn lé e. Kó sì ní kí Windows Defender fojú fo fódà TBuild yẹn, torí Defender á máa ṣí gbogbo fáìlì kékeré tí kọ́ńpáílà bá kọ, ìyàtọ̀ tó ń ṣe kì í ṣe kékeré.

Mo tún fẹ́ sọ nípa docs. Inú fódà docs tó wà nínú kóòdù tẹ́ ẹ gbà gan-an ni kẹ́ ẹ ti ka ìtọ́ni, ẹ má ka ti YouTube, ẹ má ka ti búlọ́ọ̀gì. Wọ́n máa ń yí version Visual Studio padà, wọ́n máa ń yí Qt padà, fídíò tó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n ṣe é lè máà bá kóòdù tòní mu rárá. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lórí version kan ṣoṣo, kó má lọ jẹ́ pé Linux wà lórí ti oṣù tó kọjá, Windows wà lórí ti àná.


Dàpọ̀_Peckham kọ:

Mac kù sí mi lọ́wọ́. London ni mo wà, M1 kan náà ni mo ní.

Àkọ́kọ́, kí ọ̀rẹ́ yín rí i dájú pé kóòdù tó tọ́ ló mú, torí Telegram méjì ló wà fún Mac. Èyí tí wọ́n ń pè ní Telegram gangan nínú App Store, Swift ni wọ́n fi kọ ọ́, repo tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, tdesktop, òun ni wọ́n ń pè ní Telegram Lite nínú App Store. Tó bá lọ mú ti Swift, àtúnṣe yín ò ní wọlé síbẹ̀ láéláé.

Ó nílò Xcode odindi, Command Line Tools nìkan ò tó, lẹ́yìn náà Homebrew, kó wá fi brew kó àwọn irinṣẹ́ tí docs bá tò sílẹ̀, cmake, ninja, nasm, meson àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má gbàgbé àṣẹ yìí, torí tó bá ti fi Command Line Tools sí i tẹ́lẹ̀, èyíinì ni Mac á máa lò dípò Xcode:

sudo xcode-select -s /Applications/Xcode.app/Contents/Developer

Ó wá kan prepare/mac.sh, lẹ́yìn náà ./configure.sh pẹ̀lú API, kó ṣí out/Telegram.xcodeproj. Ó máa pẹ́ o. Universal ni wọ́n ń kọ́ láíbúrárì sí, ti Intel àti ti Apple Silicon pa pọ̀, iṣẹ́ méjì nìyẹn. MacBook Air ò sì ní fáànù, tó bá ti gbóná ó máa ń fà sẹ́yìn fúnra ẹ̀. Kó gbé e sórí tábìlì, kó má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Tó bá ti jáde, lórí Mac tiẹ̀ á ṣí láìsí ìjà. Wàhálà wà tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí Mac ẹlòmíràn láti íntánẹ́ẹ̀tì, Gatekeeper, ẹ̀ṣọ́ áàpù ti Mac, á kọ̀ torí kò sí ìbuwọ́lù Apple lórí ẹ̀, ẹni náà á ní láti tẹ xattr -dr com.apple.quarantine kó sì fi orúkọ áàpù náà kún un. Fún dìfẹ́ǹsì, ẹ kúkú gbé MacBook yẹn lọ.


Bọ́láńlé_CI kọ:

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, kò sí irọ́ nínú ẹ̀, àmọ́ kí ló dé tí ẹ̀yin ọmọ iléèwé mẹ́ta tí dátà ń yọ lẹ́nu fẹ́ máa kọ́ Qt lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí láptọ́ọ̀pù? Ẹ jẹ́ kí GitHub bá yín ṣe é.

Nínú repo tdesktop, fódà kan wà níbẹ̀, .github/workflows, linux.yml, win.yml àti mac.yml wà nínú ẹ̀, àwọn fáìlì yìí gan-an ni wọ́n fi ń yẹ kóòdù wò nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ẹ fork repo náà (ẹ ṣe ẹ̀dà tiyín) sí orí àkáǹtì yín, ẹ lọ sí táàbù Actions, ẹ tan án torí ó máa ń wà ní pípa nínú fork, ẹ wá push àtúnṣe yín (fi í ránṣẹ́ sórí GitHub). GitHub á gbé ẹ̀rọ Linux kan, Windows kan àti Mac kan dìde lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á ṣe gbogbo láíbúrárì níbẹ̀ pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn àti iná tiwọn. Tí repo yín bá jẹ́ ti gbangba, ọ̀fẹ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbangba náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa òfin GPL mọ́ láìlàágùn. Áàpù tó bá jáde nìkan lẹ máa dáùnlóòdù.

Àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: iṣẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 6 lórí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́ jù torí kò tíì sí láíbúrárì kankan nínú cache (ibi tí wọ́n ń tọ́jú ohun tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀), lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń yá. Áàpù tó bá jáde, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni GitHub máa ń tọ́jú ẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá yí i padà, nítorí náà ẹ gbà á sílẹ̀ kí ọjọ́ dìfẹ́ǹsì tó dé. Ti API, èyí tí àwọn fáìlì yẹn ń lò ni ti ìdánwò tí Agbẹjọ́rò sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi tiyín sínú Secrets lábẹ́ Settings, kẹ́ ẹ wá yí ìlà tó pè é nínú yml. Ẹ má kọ api_hash sínú yml ní tààràtà, gbogbo ayé ló máa rí i.

Síbẹ̀ mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́ ọ rárá sórí láptọ́ọ̀pù kankan o. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù nílò láti rí àtúnṣe ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò lè máa push kó tó mọ̀ bóyá bọ́tìnì wà níbi tó yẹ. Kí ẹnì kan ṣe é nílé, ẹni tó ní 16GB yẹn ló yẹ jù lójú tèmi, Túndé má bínú. Kí GitHub máa ṣe ẹ̀dà méjì tó kù.


Ẹ̀gbọ́n_Terminal kọ:

Mo gbà pẹ̀lú Bọ́láńlé, 16GB yẹn ló yẹ. Ọ̀nà kan ṣì wà fún Túndé tó bá ta kú pé Linux lòun fẹ́: Debian. Nínú Debian, telegram-desktop wà gẹ́gẹ́ bíi package, wọ́n ti kó àwọn láíbúrárì ẹ̀ jọ síbẹ̀. Tó o bá ti tan deb-src (ibi tí apt ti ń gba kóòdù), sudo apt build-dep telegram-desktop á kó gbogbo ohun tó nílò wá ní kíkọ́ tán, apt source telegram-desktop á gbé kóòdù wá, o kò ní kọ́ Qt rárá, dátà díẹ̀, àkókò díẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé kóòdù Debian lè ti pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn, ohun tó bá sì jáde, Debian yẹn nìkan ni kó o máa rò pé ó máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Fún ìdánwò bọ́tìnì nílé, ó tó.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dán tiyín wò, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan Telegram tẹ́ ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀. Ní Linux, ./Telegram -workdir ~/idanwo, gbogbo dátà ẹ̀ á wà nínú fódà yẹn. Ní Windows, ẹ ṣe fódà tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ TelegramForcePortable sí ẹ̀gbẹ́ Telegram.exe yín, á máa kó gbogbo nǹkan ẹ̀ síbẹ̀.


TúndéKóòdù kọ:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. A ti fork ẹ̀, Actions ti ń run, ti Linux ti yọ àwọ̀ ewé, ti Windows ṣì ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi oní Windows ti gbà láti máa kọ́ ọ nílé, Visual Studio ló ń dáùnlóòdù báyìí láti wáífáì iléèwé.

Ìbéèrè kan tó kù. Mo ṣí history_widget.cpp torí mo rò pé ibẹ̀ ni ibi ìkọ̀wé wà, fáìlì yẹn gùn ju títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ṣé ibẹ̀ náà ni? Àti pé bọ́tìnì ẹ́, mo fẹ́ kó jẹ́ káráktà kan, mo wá a títí nínú Unicode mi ò rí i.


Ẹ̀gbọ́n_Terminal kọ:

O ò lè rí i torí kò sí. ẹ wà, U+1EB9. ọ wà, U+1ECD. ṣ wà, U+1E63. á àti à náà wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ń àti ǹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, kò sí ẹyọ fún wọn, káráktà méjì ni: lẹ́tà yẹn, kó o wá fi U+0301 tẹ̀ lé e fún àmì òkè, tàbí U+0300 fún àmì ìsàlẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe bọ́tìnì fún ẹ́ rárá, ẹ ṣe bọ́tìnì ẹ, ọ, ṣ, kẹ́ ẹ tún ṣe méjì fún àmì, ẹni tó ń kọ á tẹ lẹ́tà kó tó tẹ àmì. Bọ́tìnì márùn-ún péré, tẹ́ ẹ bá fi lẹ́tà ńlá kún un, mẹ́jọ.

Ohun tó máa bá yín jà ni pé ẹnì kan lè kọ á gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, ẹlòmíràn á kọ a pẹ̀lú àmì lọ́tọ̀, lójú ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí èèyàn bá wá ọ̀rọ̀ nínú ṣáàtì ó lè má rí i. Kí mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó lọ, ẹ fi normalized(QString::NormalizationForm_C) tó wà nínú Qt kọjá lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sí ìlànà kan: á á di ẹyọ kan, ẹ́ á di ẹ tí àmì òkè tẹ̀ lé. Tí ẹnì kan bá tiẹ̀ ti fi àmì òkè ṣáájú àmì abẹ́, á tò ó padà.

history_widget.cpp ni fún ṣáàtì gbogbogbòò, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ibi ìkọ̀wé mìíràn wà fún àwọn ojú ewé bíi ti mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí èèyàn fẹ́ kó lọ nígbà mìíràn, history/view/controls ni ìyẹn wà, compose_controls ni kó o wá. Tí bọ́tìnì yín bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, olùdánwò ló máa kọ́kọ́ rí i. Má kàn fọwọ́ ya bọ́tìnì sínú cpp o, ìwọ̀n àti àwọ̀ inú fáìlì .style ni wọ́n ń kọ wọ́n sí, tó bá ń kọ́ńpáìlì ni wọ́n ń sọ ọ́ di C++, wo bí wọ́n ṣe ṣe bọ́tìnì emoji, kó o tẹ̀ lé ipa ẹ̀ láti .style dé cpp.


Bọ́láńlé_CI kọ:

Tí ti Windows bá pupa nínú Actions, má dá a padà sí run tuntun o, wo log ẹ̀ kó o lẹ̀ ẹ́ síbí.